Jack Kirby, alágbàṣe tó mú èèbù tirẹ̀ wá sóko

Nígbà tí wọ́n ń múra ìwé àwòrán Fantastic Four nọ́ńbà 48 sílẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé Marvel, èyí tí wọ́n kọ oṣù Kẹta ọdún 1966 sára rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí Stan Lee, olóòtú, àti Jack Kirby, ayàwòrán, jọ sọ kò gùn. Òmìrán kan ń bọ̀ láti ojú ọ̀run, Galactus lorúkọ rẹ̀, ayé odindi ló fẹ́ jẹ bí ẹni ń jẹ iṣu. Kirby gba ilé rẹ̀ lọ, ó jókòó ti tábìlì, ó yà á. Nígbà tó kó àwọn ojú ìwé náà dé ọ́fíìsì Marvel, Lee rí ẹnìkan nínú wọn tí wọn kò jọ dárúkọ rí: ọkùnrin kan tí ara rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, tó dúró lórí pátákó irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ California fi ń gun ìgbì òkun, tó ń sáré kiri láàrin àwọn ìràwọ̀. Lee bèèrè pé ta nìyí. Kirby ní ẹni tó tóbi tó Galactus kò lè máa dá rìn, ó gbọ́dọ̀ ní oníṣẹ́ tó ń ṣáájú rẹ̀. Kò sí ìdí láti tú ìyẹn palẹ̀ fún ọmọ Yorùbá. Ìlàrí ni.

Lee fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn yìí kiri nígbà ayé rẹ̀, kò sẹ́ ẹ. Silver Surfer ni ìlàrí náà, àwọn òǹkàwé sì fẹ́ràn rẹ̀ lọ́gán. Ṣùgbọ́n nígbà tí Marvel fún un ní ìwé tirẹ̀ ní ọdún 1968, Lee ló kọ ọ́, John Buscema ni wọ́n gbé iṣẹ́ yíyà rẹ̀ fún. Kirby ti ní ìtàn bí Surfer ṣe délé ayé lọ́kàn tirẹ̀. Ìtàn mìíràn ni wọ́n tẹ̀ jáde. Ẹni tó bí ọmọ kò sí níbi ìsọmọlórúkọ.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé gbogbo àríyànjiyàn tó yí orúkọ Kirby ká ló wà nínú rẹ̀, àríyànjiyàn náà sì ti tún gbéra sọ láìpẹ́ yìí. Ní oṣù Keje ọdún 2025 ni fíìmù Fantastic Four tuntun jáde. Ayé tí ìtàn inú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, 828 ni wọ́n fi ṣe nọ́ńbà rẹ̀: oṣù Kẹjọ, ọjọ́ 28, ọjọ́ tí wọ́n bí Kirby. Nígbà tí fíìmù náà parí, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ tó ti sọ rí sójú àwòrán, pé ẹni tó bá wo àwọn èèyàn tí òun dá sílẹ̀ dáadáa yóò rí òun nínú wọn. Wọ́n sì ti kéde Avengers: Doomsday fún oṣù Kejìlá ọdún 2026, fíìmù tó jẹ́ pé Doctor Doom ni ọ̀tá inú rẹ̀. Lee àti Kirby ló dá Doom sílẹ̀ ní ọdún 1962. Captain America, Thor, Hulk, X-Men, Black Panther, Ant-Man, àní Groot tó jẹ́ igi tó ń rìn, gbogbo wọn ló kọjá lábẹ́ pẹ́ńsù ọkùnrin yìí kí ẹnikẹ́ni tó rí wọn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti sanwó wo wọn ní Ìbàdàn tàbí ní London kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe jẹ́ ẹni tí wọ́n ń san owó ojú ìwé fún, tí kò ní ìpín kankan nínú èrè? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun kan tí òfin Amẹ́ríkà fi orúkọ gígùn pè, tí Yorùbá sì ti ní orúkọ fún tipẹ́: àgbàṣe. Ẹni tó gba àgbàṣe oko, ebè ló ń kọ, owó ebè ló ń gbà. Bí iṣu bá ta tó sì tóbi bí orí ẹṣin, kì í padà wá bèèrè ìpín, kò sì sí ẹni tí yóò dá olóko lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí alágbàṣe náà bá gbé èèbù láti ilé ara rẹ̀ wá ńkọ́, tó tún jẹ́ pé òun ló yan irú iṣu tí wọn yóò gbìn? Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ Kirby wà.

Jacob Kurtzberg ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ní ọdún 1917. Júù ni wọ́n, láti ilẹ̀ Austria ni wọ́n ti wá sí Lower East Side ní New York, níbi tí èèyàn ti pọ̀ ju yàrá lọ. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ àdúgbò kan máa ń bá àwọn ọmọ àdúgbò kejì jà, Kirby sì jà nínú ìjà náà débi pé ẹ̀ṣẹ́ kò kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ títí tó fi darúgbó. Ben Grimm, ọkùnrin olókùúta inú Fantastic Four tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí The Thing, ọmọ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni: Delancey ni òpópónà tòótọ́, Kirby àti Lee sọ ọ́ di Yancy. Benjamin ni orúkọ bàbá Kirby. Benjamin Jacob Grimm sì ni orúkọ ọkùnrin olókùúta náà ní kíkún. Ọdún kan wà tí Kirby ya The Thing pẹ̀lú fìlà àti aṣọ àdúrà àwọn Júù fún ọdún Hanukkah, ó sì kàn fi ṣe káàdì ìkíni tirẹ̀. Ìgbà tó pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà ni Marvel ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ọ́ sínú ìwé pé Júù ni Ben.

Òun àti Joe Simon, ẹnìkejì rẹ̀ nínú iṣẹ́, ló dá Captain America sílẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 1940 ni ìwé kìíní dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn, nígbà tí Amẹ́ríkà kò tíì wọ ogun rárá. Lára èèpo rẹ̀, Captain America gbá Hitler ní ẹ̀ṣẹ́ lágbọ̀n. Ìwé náà tà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan ẹ̀dà. Àwọn alátìlẹ́yìn Násì tó wà ní New York kọ lẹ́tà ìhàlẹ̀, wọ́n sì dúró yí ọ́fíìsì wọn ká. Ó di dandan kí àwọn ọlọ́pàá máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Sẹ́ńtì 10 ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan nígbà náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, wọ́n ta ẹ̀dà kan tó ṣì mọ́ dáadáa ní gbàǹjo ní mílíọ̀nù 3.12 dọ́là. Owó kan ṣoṣo nínú ìyẹn kò ya ilé Kirby.

Ogun wá gbé òun náà. Ní ọdún 1944, ó wà ní ilẹ̀ Faransé lábẹ́ ọ̀gágun Patton. Ọ̀gá rẹ̀ kan gbọ́ pé òun ló ya Captain America. Dípò kó fi í síbi tí ewu kò sí, ńṣe ló ní kó máa ṣáájú àwọn tó kù wọ ìlú tí àwọn Jámánì wà, kó ya ohun tó bá rí, kó sì gbé àwòrán náà padà wá. (Ẹ kò rí i pé òun náà ti ṣe ìlàrí rí.) Òtútù òjò dídì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, àwọn dókítà ti ń sọ pé àwọn máa gé wọn kó tó rọlẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ ìwé àwòrán ṣubú. Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ní ó ń ba ọmọdé jẹ́, àwọn ilé ìtẹ̀wé fi òfin líle de ara wọn ní 1954, ọ̀pọ̀ sì kógbá sílé. Kirby ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ó ní gbèsè ilé. Bó ṣe padà sọ́dọ̀ Martin Goodman nìyẹn ní 1958, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ tí a wá mọ̀ sí Marvel, ilé iṣẹ́ kan náà tí òun àti Simon ti fi ìbínú kúrò nítorí owó Captain America. Ẹni tó wà lórí àga olóòtú níbẹ̀ ni Stan Lee, ìbátan ìyàwó ọ̀gá. Lee ní owó oṣù. Kirby ní owó ojú ìwé.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò máa rò pé ẹni tí wọ́n pè ní òǹkọ̀wé ló kọ̀wé, ayàwòrán kàn ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Ní ilé iṣẹ́ mìíràn, òǹkọ̀wé á kọ gbogbo ìtàn sílẹ̀: àwòrán kìíní nìyí, ohun tí wọ́n sọ nìyí, àwòrán kejì nìyí. Ti Marvel kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé tí Lee ń kọ pọ̀ jù fún ẹnìkan. Òun àti ayàwòrán á jọ sọ̀rọ̀ ìtàn, ní ọ́fíìsì tàbí lórí fóònù, nígbà mìíràn kò ju gbólóhùn mélòó kan lọ. Ayàwòrán á gba ilé lọ. Òun ni yóò pinnu ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó wọlé, ẹni tó jáde, ibi tí ìjà ti bẹ́, bí ojú ìwé 20 yóò ṣe kún. Kirby á tún fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí etí ojú ìwé pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí, ohun tí ẹni yìí ń sọ nìyí. Ìgbà náà ni yóò kó o padà fún Lee, Lee á sì fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Nígbà tí ìwé bá jáde, wọ́n á kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ pé Lee ló kọ ọ́, Kirby ló yà á.

Tí a bá ní kí á ṣe ìdájọ́ òdodo, Lee kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe olè. Ìwé ojú méjì tó tẹ̀ fún ìtàn àkọ́kọ́ Fantastic Four ṣì wà títí dòní. Ohùn àwàdà tí àwọn akọni Marvel fi ń bá ara wọn jà, tí wọ́n fi ń ṣàròyé owó ilé àti àìsàn bí èèyàn gidi, tirẹ̀ ni. Nígbà tí Kirby wá ń dá kọ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1970, gbólóhùn rẹ̀ máa ń le bí igi gbígbẹ. Èmi tí mo fẹ́ràn rẹ̀ náà máa ń fo òmíràn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èèbù ni a ń sọ. Ní 1957, ọdún márùn-ún kí Thor ti Marvel tó jáde, Kirby ti ya Thor kan fún DC, ilé ìtẹ̀wé tó ń bá Marvel figagbága, pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Ní ọdún kan náà ó ti ṣe ìwé nípa àwọn mẹ́rin tí bàálù wọn já tí wọn kò kú, tí wọ́n wá di ẹgbẹ́ tó ń dojú kọ ohun àràmàǹdà, ọdún mẹ́rin ṣáájú Fantastic Four. Apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ṣófo nígbà tó wọ oko Goodman.

Ní oṣù Kíní ọdún 1966, ìwé ìròyìn Herald Tribune ti New York rán akọ̀ròyìn kan wá sí Marvel. Nínú ohun tó kọ, Lee dà bí òṣèré sinimá. Ní ti Kirby, ó ní bí ẹ bá bá a pàdé nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹ ó rò pé igbákejì ọ̀gá ni ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àwọ̀tẹ́lẹ̀ obìnrin ni. Ó dun Kirby. Ó dun Roz ìyàwó rẹ̀ jù ú lọ.

Ẹni tí wọ́n fi wé igbákejì ọ̀gá yìí, abẹ́ ilẹ̀ ilé rẹ̀ ní Long Island ló ti ń ṣiṣẹ́, yàrá tóóró kan tí ìdílé rẹ̀ ń pè ní ẹ̀wọ̀n. Sìgá ńlá lẹ́nu, ó ń yà mọ́jú. Oṣù mìíràn wà tí ojú ìwé tó yà lé ní 100. Àwọn tó ń ka iṣẹ́ rẹ̀ ní ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde nígbà ayé rẹ̀ lé ní 20,000 ojú ìwé. Àwọn tó wo ọwọ́ rẹ̀ rí ohun tó yà wọ́n lẹ́nu: kì í fa ìlà ìgbìdánwò. Á bẹ̀rẹ̀ láti igun kan bébà, á sì máa yà á lọ sí igun kejì, bí ẹni pé àwòrán náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó kàn ń nu eruku kúrò lójú rẹ̀.

Ẹ mú ìwé rẹ̀ èyíkéyìí láti nǹkan bí ọdún 1965 sí 1970, ẹ wo ọwọ́ tó ń bọ̀ sọ́dọ̀ yín. Kí Kirby tó dé, àwọn èèyàn inú ìwé àwòrán dúró bí ẹni wà lórí ìtàgé, tí a ń wò wọ́n láti orí àga wa. Tirẹ̀ kò dúró. Ẹ̀ṣẹ́ á wá síwájú títí yóò fi tóbi ju orí ẹni tó jù ú lọ, ẹsẹ̀ á yọ jáde kúrò nínú ìlà tó yí àwòrán ká, ẹni tí wọ́n gbá á fò wọ àwòrán kejì. Ìka rẹ̀ ní igun mẹ́rin bíi búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò jọ ẹ̀rọ kankan tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe, síbẹ̀ ẹ ó gbà pé ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà mìíràn á gé àwòrán láti inú ìwé ìròyìn, á lẹ̀ wọ́n pọ̀ sórí ojú ìwé láti fi ṣe òfuurufú, á wá ya ọkọ̀ òfuurufú lé e lórí.

Èyí tí àwọn ayàwòrán ń jí lọ jù ni àwọn ẹ̀kán dúdú róbótó rẹ̀. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é, Kirby Krackle. Nígbàkúùgbà tí agbára bá ń jáde, láti ọwọ́ Galactus tàbí láti inú ìràwọ̀ tó bú, Kirby á tú ẹ̀kán dúdú síbẹ̀, kékeré àti ńlá, wọ́n á fara gbún ara wọn, wọ́n á máa hó bí epo inú agbada àkàrà. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kò ya agbára náà rárá. Dúdú tó yí i ká ló yà. Funfun tó ṣẹ́ kù láàrin wọn ni ojú wa ń rí bí iná.

Kò pé o. Ojú obìnrin rẹ̀ jọ ara wọn ju bó ti yẹ lọ, iṣan ara tó sì ń yà, kò sí nínú ara ọmọ èèyàn kankan. Ẹni tó bá fẹ́ iṣan bó ṣe rí lóòótọ́, kó lọ wo Buscema. Iṣẹ́ rẹ̀ tún ń kọjá lọ́wọ́ àwọn tó ń fi yíǹkì tẹ̀ lé pẹ́ńsù rẹ̀. Joe Sinnott sọ ọ́ di dídán. Vince Colletta, tó máa ń kánjú, máa ń pa ilé àti èèyàn kan rẹ́ kúrò nínú àwòrán kó lè tètè parí, ẹ sì lè rí àyè òfìfo náà nínú ọ̀pọ̀ ìwé Thor bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ máa wò.

Ní ọdún 1970 ó fi Marvel sílẹ̀ lọ sí DC. Níbẹ̀ ló ti dá ayé àwọn New Gods sílẹ̀, pẹ̀lú Darkseid tó ṣì jẹ́ ọ̀tá tó burú jù tí Superman ní. Wọn kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ó padà sí Marvel ní 1975, ó tún kúrò. Ilé iṣẹ́ àwòrán tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọdé ló wá fún un ní ohun tí ogójì ọdún ìwé àwòrán kò fún un: owó tó dúró déédéé, àti ìtọ́jú ìlera. Láàrin ìgbà náà ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mi ò lè fò. Àwọn àwòrán tó ti yà fún fíìmù kan tí wọn kò ṣe mọ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn amí CIA, wọ́n sì fi wọ́n ṣe ẹ̀rí irọ́ pé àwọn ń bọ̀ wá ya sinimá ní Iran. Irọ́ yẹn ni wọ́n fi kó àwọn òṣìṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà mẹ́fà jáde kúrò ní Tehran ní oṣù Kíní ọdún 1980. Kirby kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bébà tó yà náà tún wà, èyí tó yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ìtàn. Títí di nǹkan bí ọdún 1975, àwọn ilé ìtẹ̀wé kì í dá ojú ìwé tí ayàwòrán fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà padà fún un. Wọ́n á kó o sí ilé ìkẹ́rùsí. Èyí tó bá sọnù, ó sọnù. Nígbà tí Marvel wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn padà, àwọn tó kù fọwọ́ sí ìwé ojú kan ṣoṣo. Ìwé ojú mẹ́rin ni wọ́n gbé fún Kirby ní 1984, tó kún fún ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọ àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ bèèrè mọ́, ojú ìwé 88 péré sì ni wọ́n ní yóò gbà, nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ó kọ̀. Àwọn ayàwòrán àti òǹkọ̀wé kọ orúkọ wọn sínú ìwé ẹ̀hónú nítorí rẹ̀, ìjà náà sì gba ọdún mẹ́ta. Nǹkan bí 2,000 ojú ìwé ló padà wá sílé rẹ̀ ní 1987. Àwọn tó kù ṣì ń yọ ní gbàǹjo lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí dòní, wọ́n ń ta wọ́n ní owó gọbọi, kì í sì í sí ẹni tó ń bèèrè bí wọ́n ṣe jáde kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí.

Kirby kú ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 1994. Ní 2009, Disney kéde pé òun máa ra Marvel ní bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni àwọn ọmọ Kirby mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ìwé ìkìlọ̀ 45 ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ gba ẹ̀tọ́ iṣẹ́ bàbá àwọn padà.

Òfin tí wọ́n dì mú ni òfin kọ́píráìtì ti ọdún 1976. Ó ní ẹni tó ta ẹ̀tọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kí ọdún 1978 tó wọlé, tàbí àwọn ajogún rẹ̀, lè gbà á padà lẹ́yìn ọdún 56. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé ọ̀dọ́ tí kò ní owó kì í mọ iye tí ohun tó ń tà yóò di. Jerry Siegel àti Joe Shuster gba 130 dọ́là péré lórí Superman ní 1938. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ àgbàṣe sílẹ̀: bó bá jẹ́ pé alágbàṣe ni ẹ́, kò sí ohun tí o tà, nítorí náà kò sí ohun tí o máa gbà padà. Olóko ló ni ín láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ebè.

Nítorí náà ohun kan ṣoṣo ló di ẹjọ́: kí ni Kirby jẹ́ láàrin 1958 sí 1963? Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kò ní àdéhùn kankan, kò gba owó oṣù, ilé ara rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń ra bébà àti pẹ́ńsù rẹ̀, bí Marvel bá sì kọ ojú ìwé kan, kò sí owó. Marvel ní àwọn làwọn gbé iṣẹ́ fún un, àwọn làwọn sanwó, àwọn ni ewu wà lọ́rùn wọn bí ìwé kò bá tà. Marvel ló borí ní ilé ẹjọ́ kìíní ní 2011, ó sì tún borí ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013. Ilé ẹjọ́ náà wo ẹni tó pe iṣẹ́ àti ẹni tó san owó. Èèbù kò sí nínú ohun tí wọ́n wọ̀n. Bó ṣe yé mi nìyẹn, n kò sì rò pé òdodo ni, bó tilẹ̀ jẹ́ òfin.

Ẹjọ́ náà wá dé ẹnu ọ̀nà Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Ẹgbẹ́ àwọn òṣèré, ti àwọn olùdarí fíìmù àti ti àwọn òǹkọ̀wé fíìmù gbè lẹ́yìn ìdílé Kirby, nítorí wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ náà lè kan àwọn. Ó ku ọjọ́ mélòó kan kí àwọn adájọ́ jókòó pinnu bóyá wọn yóò gbọ́ ọ, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, Disney àti ìdílé náà kéde pé àwọn ti yanjú rẹ̀ nítùbí-ìnùbí. Wọn kò sọ iye rẹ̀. Láti ìgbà náà ni orúkọ Lee àti Kirby ti ń jáde pọ̀ nínú àwọn ìwé náà gẹ́gẹ́ bí àwọn tó dá wọn sílẹ̀. Àwọn ajogún Steve Ditko, tó ya Spider-Man, gbé irú ẹjọ́ kan náà dìde ní 2021. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, wọ́n yanjú ìyẹn náà. Ẹ rí i pé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ kò tíì dáhùn ìbéèrè náà. Owó ló ń ti ilẹ̀kùn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣí i.

Owó kò sì pa ẹnu mọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Disney gbé fíìmù ìtàn ìgbésí ayé Stan Lee jáde. Neal, ọmọkùnrin Kirby, kọ ọ̀rọ̀ gígùn jáde pé wọ́n tún ti fi bàbá òun sí ẹ̀gbẹ́ kan, pé Lee ló ń dá sọ ìtàn náà, ẹni tó ṣe iṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ kò sì sí láyé láti fèsì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé wa, Captain America tí Kirby yà ní 1940 ti wá jà ní Èkó rí, nínú fíìmù 2016, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó orí ìtàgé ni. Wakanda, ilẹ̀ Black Panther, tó wà nínú fíìmù náà, inú Fantastic Four nọ́ńbà 52 ti 1966 ló ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wù mí jù wá láti Salvador, ní Bahia, ilẹ̀ Brazil. Hugo Canuto, ọmọ ìlú náà, ayàwòrán tó kọ́ṣẹ́ yíya ilé tẹ́lẹ̀, mú èèpo ìwé Avengers kan tí Kirby yà ní 1964, ó yọ àwọn akọni Marvel kúrò, ó sì fi àwọn òrìṣà sí ipò wọn. Ní 2016 nìyẹn. Ara fífẹ̀, àwọ̀ tó ń pariwo, ìdúró ẹni tó ń bọ̀ lójú yín: ti Kirby ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n adé àti oṣé tirẹ̀ ti ilé Olúkòso ni. Àwòrán náà tàn kálẹ̀, àwọn èèyàn dá owó jọ fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì di odindi ìwé, Contos dos Orixás, tí Ṣàngó àti Ọya ti ń rìn nínú rẹ̀ bí Thor ṣe ń rìn. Ẹnu Canuto fúnra rẹ̀ la ti gbọ́ pé Kirby lòun fi bu ọlá fún. Kò sí agbẹjọ́rò tó ní kó sọ ọ́.